Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín: ojú ti rí i, ọwọ́ ńkọ́?

Dígí_Kékeré kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ní yàrá ìdánrawò, níbi tí wọ́n ti ń lo orí oníke tí a to eyín oníke sí kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi composite, ohun aláwọ̀ eyín tí iná ń mú le, dí ihò eyín. Ó kun ásíìdì, ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́, ó fi nǹkan tí à ń dí i sínú ihò náà. Nígbà tó kan kí ó tan iná búlúù sí i kí ó lè le, ó tàn án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó pa á. Mo bi í pé kí ló dé tó fi yá bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fídíò nìyẹn." Mo ní kó fi fídíò náà hàn mí. Lóòótọ́, iná tàn, iná kú, wọ́n ti bọ́ sí ìpele tó kàn. Ẹni tó ṣe fídíò náà ti gé ìdúró yẹn kúrò kó má bàa sú àwọn tó ń wò ó. Iná tí à ń lò níbi tiwa, ìṣẹ́jú àáyá 20 ló gbọ́dọ̀ lò lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, ìpele kan kò sì gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Mo fi ẹnu irin tẹ ìsàlẹ̀ ohun tó dí náà. Irin wọlé. Òkè ti le, abẹ́ ṣì rọ̀. Ká ní ẹnu èèyàn ni, á dà bíi pé iṣẹ́ ti parí, kòkòrò á sì máa jẹ eyín náà lọ lábẹ́.

Kì í ṣe pé mo kórìíra fídíò o. Ní 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 ti gbogbo yàrá ìdánrawò pa, fídíò ló gbà wá. Ìbéèrè mi ni pé, báwo ni ẹ ṣe ń lò ó tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ní rò pé òun ti mọ iṣẹ́ kan torí pé òun ti rí i?

---

Ọdún_Kẹrin kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bí olùkọ́ bá ń ṣe iṣẹ́ kan hàn wá lójúkojú, a máa ń pọ̀ yí i ká. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí i. Èmi tí mo kúrú, ẹ̀yìn orí ẹlẹgbẹ́ mi ni mo sábà ń wò. Ẹnu pàápàá kò tóbi, bí olùkọ́ bá sì ti gbé ọwọ́ rẹ̀ sí i, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún ń rí. A á kàn máa mi orí bíi pé a rí i.

Ohun tó yí ọkàn mi padà ni ọ̀rọ̀ gbòǹgbò eyín. Wọ́n ti kọ́ wa pé eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè, gbòǹgbò mẹ́ta ló ní, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ní ojú ihò mẹ́rin, pé méjì wà nínú gbòǹgbò iwájú lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo gba máàkì. Mi ò mọ ohun tó jọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo wo fídíò tí wọ́n fi awò ńlá yà. Oníṣègùn náà rọra ń ha ilẹ̀ inú eyín náà, ó tẹ̀ lé ìlà kan tó ṣú díẹ̀ láti ojú ihò àkọ́kọ́ lọ sí apá àjà ẹnu, ó fi irin tín-ín-rín gún un, irin sì há síbẹ̀. Ojú ihò kẹrin nìyẹn! Mo dá a dúró, mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò títí ó fi yé mi. Olùkọ́ wo ló lè tún nǹkan kan ṣe fún mi léraléra bẹ́ẹ̀ ní òru?

Nítorí náà, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fídíò lọ́wọ́ wa.

---

Àgbà_Abẹ́rẹ́ kọ:

Àbúrò mi, òtítọ́ lo sọ, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n mú ọ dé ìdí iṣẹ́ tèmi.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú apá kan ìsàlẹ̀ ẹnu kú ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni, èyí tí à ń gún sí ẹ̀gbẹ́ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti fẹ́ wọ inú egungun. Nínú fídíò, kò sí wàhálà. Àtàǹpàkò wọlé, ó wá kòtò tó wà níwájú egungun náà. Síríǹjì wá láti orí eyín òdìkejì ẹnu, abẹ́rẹ́ wọlé, ó dúró, wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀ láti wo bóyá ẹ̀jẹ̀ máa wọlé, wọ́n sì rọra ti oògùn.

Ohun tó ṣe kókó jù lọ níbẹ̀ kò sí nínú àwòrán. Ìgbà tí ẹnu abẹ́rẹ́ bá kan egungun ni. Bó ṣe ń wọlé, ẹran rọ̀, ọwọ́ ń lọ. Ní nǹkan bíi mìlímítà 20 sí 25, ó kan ohun tó le. Kì í dún, kì í hàn, ìka nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Bó bá tètè kan egungun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu abẹ́rẹ́ ti wà níwájú jù nìyẹn. A ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, a ó yí ìdí síríǹjì sí apá eyín iwájú, kí ẹnu rẹ̀ lè kọjá sẹ́yìn. Bó bá wọlé títí tí kò kan nǹkan kan, ó ti kọjá sẹ́yìn jù, ìdí síríǹjì ló gbọ́dọ̀ lọ sórí àwọn eyín ńlá. Ẹni tó bá ti oògùn láìkan egungun lè tì í sínú kókó itọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ibẹ̀ sì ni iṣan tó ń gbé ojú gbà kọjá. Aláìsàn á kàn rí i pé ojú òun lápá kan kò pa dé mọ́, ẹnu á wọ́ títí oògùn yóò fi tán lára rẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ńlá ni.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tó lè ka gbogbo ìgbésẹ̀ yìí lórí bí ẹni ń ka oríkì. Ó ti wo fídíò náà láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gún un fún èèyàn, abẹ́rẹ́ wọlé, ó dúró, ó sì wojú mi. Ó rọra sọ pé, "Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá egungun nìyí." Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀, a jọ tì í díẹ̀ sí i, ó sì kan án. Ó mí kanlẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, torí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí mi ò bá fẹnu sọ.

Fídíò tí yóò kọ́ ọwọ́ báyẹn, mi ò tíì rí i.

---

Oníkámẹ́rà kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ya fídíò fún ẹ̀ka ìṣègùn eyín. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí abẹ́rẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń rí gẹ́gẹ́ bí àléébù fídíò, àléébù ẹni tó yà á ni.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí kámẹ́rà wà. Ọ̀pọ̀ fídíò ni wọ́n yà láti òkè tàbí láti iwájú aláìsàn, torí ibẹ̀ ni kámẹ́rà ráyè. Kò sí oníṣègùn tó ń jókòó síbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá jókòó sí ẹ̀yìn orí aláìsàn, gbogbo nǹkan á yí padà mọ́ ọn lójú. Èmi a máa de kámẹ́rà kékeré mọ́ iwájú orí olùkọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí ojú olùkọ́ ń rí, tó fi mọ́ dígí. Eyín òkè ẹ̀yìn, inú dígí là ń wò ó: o fẹ́ kí ọwọ́ lọ síwájú, dígí ń sọ pé ẹ̀yìn ló ń lọ. Fídíò tí kò bá fi dígí hàn ti fo ìdajì iṣẹ́.

Èkejì ni títóbi. Ẹnu irin ìgbẹ́ tí kò ju mìlímítà kan lọ á wá tóbi lójú kọ̀ǹpútà bí orí àtàǹpàkò. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ihò tó fẹ̀ bí àwo, ó lọ sí yàrá, ó gbẹ́ eyín oníke títí ó fi ya ògiri rẹ̀. Kó tó di pé olùkọ́ gbẹ́ nǹkan kan, mo máa ń ní kí ó fi ọ̀pá ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà, èyí tí wọ́n fa ìlà sí ní 1, 2, 3, 5, 7, 8, 9 àti 10. Kí a tún fi sí i lẹ́yìn gbígbẹ́. Ojú á wá mọ̀ pé mìlímítà méjì péré ni gbogbo ohun tó jọ kànga yẹn.

Ní ti gígùn, ní 2014 àwọn olùwádìí yẹ ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí àwọn èèyàn wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò, wọ́n sì rí i pé kí fídíò má ju ìṣẹ́jú 6 lọ ló dára jù tí a bá fẹ́ kí wọ́n wò ó dópin. Mo ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ nítorí ìyẹn: ọ̀tọ̀ ni ìjókòó, ọ̀tọ̀ ni rọ́bà tí à ń ta yí eyín ká, ọ̀tọ̀ ni gbígbẹ́. Àmọ́ mi ò gé ìdúró kúrò. Bí iná bá máa tàn fún ìṣẹ́jú àáyá 20, á tàn fún 20 nínú fídíò mi, aago á sì máa kà á lójú wọn.

---

Ọlọ́wọ́_Òsì kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwa tí à ń fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́.

Wọ́n kọ́ wa pé ká fi orí aláìsàn ṣe aago, kí òkè orí rẹ̀ jẹ́ 12. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àárín 9 sí 12 ló ń jókòó sí. Èmi, àárín 12 sí 3 ni. Gbogbo fídíò tí mo rí, ẹni aago 9 ló ṣe é. Mo gbìyànjú ọgbọ́n kan: mo yí fídíò náà padà lórí kọ̀ǹpútà kí ọ̀tún di òsì. Inú mi dùn, ó jọ ọwọ́ mi gan-an. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé eyín náà ti yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn ń sọ eyín 36, tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, èyí tí mo ń wò sì jọ 46, ti apá ọ̀tún. Díẹ̀ ló kù kí n gbẹ́ eyín òdìkejì nínú ìdánwò.

Fídíò kan ṣoṣo tí olùkọ́ ọlọ́wọ́ òsì bá ṣe, á ṣe mí láǹfààní ju ọgọ́rùn-ún àwọn ìyókù lọ.

---

Dókítà_Ọmọdé kọ:

Ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà tí Ọlọ́wọ́_Òsì mẹ́nu bà yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀, torí mo ti rí ibi tó ti fẹ́ fa jàǹbá.

Ètò FDI, ti àjọ àgbáyé àwọn oníṣègùn eyín, ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń ka eyín: nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ń sọ igun ẹnu, èkejì ń sọ ipò eyín láti àárín lọ sẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, 14 ni eyín kẹrin lókè lápá ọ̀tún. Ní Amẹ́ríkà, láti 1 dé 32 ni wọ́n ń kà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti eyín tó kẹ́yìn lókè lápá ọ̀tún. 14 tiwọn ni eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè lápá òsì, èyí tí FDI ń pè ní 26. Eyín kẹrin yẹn sì wà lára èyí tí wọ́n máa ń yọ jù bí wọ́n bá fẹ́ ráyè to eyín tó há. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "yọ 14" sílẹ̀ láti inú fídíò tí kò mọ ilẹ̀ tó ti wá. Ti àwọn ọmọdé tún yàtọ̀: eyín 20 ni, Amẹ́ríkà ń fi lẹ́tà A dé T pè é, FDI ń lo 51 dé 85. Mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n tó wo ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí irú ètò tí olùkọ́ inú rẹ̀ ń lò.

Ọjọ́ orí fídíò náà ṣe pàtàkì. Fídíò àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ tó ń kọ́ni láti gbẹ́ eyín tó dára mọ́ èyí tó bàjẹ́ kí amalgam, àdàlù irin tí à ń fi dí eyín, lè di ibẹ̀ mú, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí à ń kọ́ni báyìí ni ká dá gbogbo eyín tó bá ṣeé dá sí sí. Láti oṣù kìíní 2025, àwọn orílẹ̀-èdè inú EU, ìyẹn Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ti dáwọ́ lílo amalgam dúró àfi níbi tí àìsàn bá ti sọ ọ́ di dandan, nítorí mẹ́kúrì inú rẹ̀. Fídíò kò mọ̀ pé ayé ti kúrò níbi tí òun wà. Olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ohun kan tó tún dùn mí: gbogbo ọmọ inú fídíò ló ń jókòó jẹ́ẹ́. Tèmi ń sunkún, wọ́n ń gbá dígí mú.

---

Àgbà_Abẹ́rẹ́ kọ:

Oníkámẹ́rà, mo gbọ́ ọ. Ǹjẹ́ o máa ń ya àṣìṣe?

---

Oníkámẹ́rà kọ:

Mo máa ń yà á, Bàbá, lórí eyín oníke. Mo ní kí olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìka òrùka rẹ̀ kúrò lórí eyín tó fi ṣe ìfaratì, kí wọ́n rí bí irin ṣe fò. Iṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni, òun ni wọ́n sì ń rántí jù. Ti aláìsàn gidi, mi ò yà á láìgba àṣẹ. Mo máa ń sọ fún un pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé, mo sì máa ń bo ojú rẹ̀ àti orúkọ tó bá wà lára àwòrán X-ray.

---

Dígí_Kékeré kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwádìí kan wà tí Michael Kardas àti Ed O'Brien gbé jáde ní 2018 tó ṣàlàyé ohun tí mo ń rí. Àwọn tó wo fídíò iṣẹ́ ọwọ́ kan lọ́pọ̀ ìgbà, irú bíi jíju ọfà kékeré sí ojú pátákó, ọkàn wọn balẹ̀ pé àwọn á mọ̀ ọ́n jù gan-an ju àwọn tó wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ. Nígbà tí wọ́n jù ú, wọn kò dára jù wọ́n lọ. Ohun tó wú mi lórí ni pé bí wọ́n bá jẹ́ kí èèyàn kàn di irinṣẹ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn fídíò, ìdánilójú yẹn máa ń wálẹ̀.

Mo wá yí ètò mi padà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí wọ́n tó wá, wọ́n á wo fídíò kúkúrú kan lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá ti dé, kò sí àlàyé: kí olúkúlùkù di handpiece, ẹ̀rọ ọwọ́ tí à ń fi gbẹ́ eyín, mú, kí ó ṣe é. Àwọn ọmọ náà ta kò mí, wọ́n ní mo ti fi àwọn sílẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tí ọwọ́ wọn ti kùnà, mo ní kí wọ́n tún wo fídíò kan náà, ojú tí wọ́n fi wò ó wá yàtọ̀ pátápátá. Wọn ò wo eyín mọ́. Ìka olùkọ́ ni wọ́n ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ oníná búlúù lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò gbé ìka rẹ̀ kúrò rárá!"

Ọlọ́wọ́_Òsì, mo ti bá ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń lo ọwọ́ òsì sọ̀rọ̀. Ó gbà láti jókòó sí aago 1 kí a ya tiẹ̀, kí o má tún yí ohunkóhun padà mọ́.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ gbìyànjú: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù ya ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

---

Ọdún_Kẹrin kọ:

Ọ̀gá, mo ti gbìyànjú ìyẹn lánàá. Mo gbé fóònù lé orí ìwé díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí oníke, mo gbẹ́ eyín 16. Nígbà tí mò ń gbẹ́ ẹ, mo rò pé ó ń lọ dáadáa. Nígbà tí mo wò ó, ojú tì mí díẹ̀. Nígbàkigbà tí dígí bá kún fún omi tí mo sì fẹ́ nù ún, ìka òrùka mi máa ń gbéra kúrò lórí eyín. Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ọrùn mi náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí iṣẹ́ fi parí. Kí ni kí n ṣe sí i?

---

Dígí_Kékeré kọ:

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́, ohun tó yẹ kí o rí lo rí.

Ọrùn ló kọ́kọ́ fà á. O ń tẹ̀ láti bá eyín pàdé, nítorí náà ara rẹ kò dúró, ìka kò sì ní ibi tó lè fi ara tì. Sún àga rẹ lọ sí aago 11 tàbí 12, dá orí oníke náà sẹ́yìn sí i kí eyín òkè lè kọjú sókè, kí o sì jẹ́ kí dígí bá ọ wò ó. Nígbà tí dígí bá kún fún omi, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, kí irin dúró pátápátá kí o tó nù ún. Bí ẹnìkan bá wà pẹ̀lú rẹ, jẹ́ kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn sí ojú dígí kí o má nílò láti gbé e jáde.

Tún 16 yẹn gbẹ́ lórí eyín tuntun, kí o sì yà á láti ibi tó o gbé fóònù sí tẹ́lẹ̀. Fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọjọ́ Ajé.